Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìgbà wo nínú eré ìdárayá ló yẹ ká fi han àwọn ọmọ àdúgbò?

Akọ̀wé Àdúgbò, Sábó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti rí pírọ́jẹ́ktọ̀ yá, a sì fẹ́ ta aṣọ funfun sára ògiri ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé yìí, ká kó àwọn ọmọ jọ. Púpọ̀ nínú wọn ò tíì ju ọmọ ọdún 12 sí 17 lọ. Chelsea, Arsenal àti Barcelona ni wọ́n mọ̀. Ẹ bi wọ́n ní Yekini, agbábọ́ọ̀lù wa àtijọ́, wọ́n á ní ṣé orúkọ oògùn ni.

Ohun tí mo ń wá ni ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ̀yin fúnra yín gbà pé kò sí irú ẹ̀ rí. Kò pọn dandan kó jẹ́ bọ́ọ̀lù. Kó má ṣáà ju wákàtí kan lọ, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta lítà epo báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìdí yín pẹ̀lú, ẹ má kàn dárúkọ kẹ́ ẹ sá lọ.

Fèrè-Ti-Fọn
Kí ló tún kù tí à ń jiyàn lé lórí? Nàìjíríà àti Brazil, ọjọ́ 31 oṣù Keje 1996, Òlíḿpíìkì Atlanta, ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Ẹ lọ ra epo.

Ìdí tí mo fi mú un ni pé gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ fún èèyàn lórí pápá ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà kó tó dáa. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ gan-an ni Flávio Conceição ti sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa. Roberto Carlos gbá a wọlé ara wọn, inú wa dùn díẹ̀. Bebeto tún gba ọ̀kan wọlé, Conceição tún gba ọ̀kan, ó ti di 3-1 kí wọ́n tó lọ sinmi. Ní ìdajì kejì, a rí pẹnáritì. Okocha ló gbá a, Dida, gólì Brazil, mú un. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n lọ sùn. Àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ kejì.

Ikpeba dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 78. Nígbà tí rẹfirí ti ń wo aago, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Kanu nítòsí ilé góòlù Brazil. Ó kẹ́yìn sí ilé, Dida sì ti já dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti dá fídíò dúró fún àwọn ọmọ. Kò gbá a o. Ńṣe ló fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ bu bọ́ọ̀lù yẹn sókè díẹ̀, bí ẹni fi ewé bu ẹ̀kọ nínú ìkòkò, ló bá yí po, ló bá sọ ọ́ wọlé. 3-3! Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù nínú àfikún àkókò ló gbà á, eré tán nìyẹn. Ìṣẹ́jú 94, Kanu náà ló tún gbá a.

Oṣù díẹ̀ sígbà yẹn làwọn dókítà rí i pé ọkàn ọmọkùnrin yìí ní àbùkù, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 1996 yẹn náà. Ọkàn yẹn ló fi sáré ká pápá o.

Ìyá Ìbejì, Ọjà Igbó
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rọra. Ṣé kò ní sí ọmọbìnrin lórí bẹ́ǹṣì yín ni? Bí wọ́n bá ti dárúkọ Atlanta, Kanu ṣáá, Amokachi ṣáá. Ta ló kọ́kọ́ gba wúrà Òlíḿpíìkì fún Nàìjíríà? Chioma Ajunwa ni, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1996, nínú eré ká fò jìnnà. Ọjọ́ kejì ẹ̀ làwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ na Argentina ní 3-2 gba tiwọn.

Ìfò rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti balẹ̀ sí mítà 7.12. Àwọn yòókù ń fò, wọ́n ń fò, wọn ò bá a. Jackie Joyner-Kersee ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, ipò kẹta ló wà. Ọlọ́pàá ni Ajunwa, ó sì ti wà lára ikọ̀ Super Falcons rí, ìyẹn ni pé obìnrin yìí gbá bọ́ọ̀lù, ó tún wá fo ìfò gba wúrà. Kò tiẹ̀ ní jẹ epo yín. Ìṣẹ́jú kan, ó ti parí.

Ọmọ Under G
Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Istanbul 2005 lèmi mú, àṣekágbá Champions League. Milan ti gbá Liverpool ní 3-0 kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Liverpool dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n sì fi pẹnáritì gba ife. Àwọn ọmọ yẹn mọ Liverpool, wọn ò ní sùn.

Fèrè-Ti-Fọn
Àbúrò, ohun tí wọ́n ti mọ̀ náà lo tún fẹ́ kí bàbá tó ń tan jẹ́nẹ́rétọ̀ fi hàn wọ́n? Dátà wọn ni kí wọ́n fi wo ìyẹn.

Tísà Fẹ̀yìntì
Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n na Tonnerre Yaoundé ní 4-1 nílé, Tonnerre rí 1-0 péré gbà ní Kamẹrúùnù. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó mú irú ife bẹ́ẹ̀ wálé rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ti Ìbàdàn nìkan ni. Nígbà náà, Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo, Ìsẹ́yìn, gbogbo wa la jọ ni wọ́n.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní Sùúrùlérè l'Ékòó, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù méjì, Múdà Lawal gbá ọ̀kan, Algeria lọ sílé lọ́wọ́ òfo, a sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. IICC làwọn méjèèjì ti wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ fi èyí sórí aṣọ funfun o. Ìtàn ẹ̀ dùn ju àwòrán ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí àga fún mi, mo lè wá sọ ọ́.

Ọmọ Ìrà Láàárín Yín
Ẹ ò ní dárúkọ Rashidi Yekini ni? Dallas, oṣù Kẹfà 1994, a na Bulgaria ní 3-0. Finidi rọra tì í sí i láti apá ọ̀tún, Yekini tì í wọlé. Góòlù wa àkọ́kọ́ nínú ife àgbáyé nìyẹn. Góòlù yẹn gan-an ò ṣòro. Lẹ́yìn ẹ̀ ni nǹkan wà: ó sá wọ inú ilé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó gbá àwọ̀n mú, ó ń mì í, ó ń pariwo, omijé ń bọ́. Gbogbo góòlù 37 tó gbá fún Nàìjíríà, èyí ni kálukú ń rántí. Ọdún 2012 ló kú n'Íbàdàn, Ìrà tiwa ní Kwara ni wọ́n sì sin ín sí.

Ẹsẹ̀-Yá
Ẹ wá nǹkan tí àwòrán ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, níbi ìdíje àgbáyé eré sísá ní Oregon. Mítà 100, igi 10 láti fò. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá ló ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá a, nígbà tí ẹni tó yá jù láyé tẹ́lẹ̀, Keni Harrison, sá 12.20. Àwọn kan ń ráhùn pé bóyá aago ló bàjẹ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi sá àṣekágbá ní 12.06! Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ló pọ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́, wọn ò ka ìyẹn sí, àmọ́ wúrà kò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé eré sísá yẹn rí ṣáájú ẹ̀.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin
Mo ń kọjá lọ ni, láti Ọ̀yọ́. Dammam 1989 ńkọ́, ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Saudi Arabia? Àwọn ọ̀dọ́ wa fi 4-0 sẹ́yìn Soviet, wọ́n dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n fi pẹnáritì lé wọn lọ.

Èyí tó sì máa ń dùn mí jù ni Sydney 2000, eré ìje mítà 400 tí èèyàn mẹ́rin ń gbé ọ̀pá fún ara wọn. Fàdákà ni wọ́n fún wa, Amẹ́ríkà gba wúrà. Nígbà tó yá, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀. Ọdún 2012 ni wúrà tó kàn wá. Sunday Bada, ọ̀kan nínú mẹ́rin tiwa, ti kú ní oṣù Kejìlá 2011.

Ìyá Ìbejì, Ọjà Igbó
Háà. Èyí ká mi lára o.

Akọ̀wé Àdúgbò, Sábó
Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rìn kí ẹsẹ̀ yín kọ́. Ibi tí mo dé nìyí: Ajunwa la máa kọ́kọ́ fi hàn, lẹ́yìn náà Brazil, ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi pẹnáritì Okocha. Tísà, àga yín ti wà níwájú.

Fèrè-Ti-Fọn
Rárá o! Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bí wọn ò bá rí bí wọ́n ṣe nà wá, kí ni wọ́n fẹ́ máa yọ̀ sí? Ẹ má sì sọ bó ṣe parí fún wọn.

Akọ̀wé Àdúgbò, Sábó
Ó dáa, màá gé e kù díẹ̀, àmọ́ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Brazil gbá máa wà níbẹ̀. Ó ku sípíkà. Ta ló ní?

Ìyá Ìbejì, Ọjà Igbó
Ọkọ mi ní méjì. Ẹ fi eré yín sí ẹ̀yìn ìrun Màgàríbì, màá ní kó gbé wọn wá.

Ọmọ Under G
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, bí epo bá ṣẹ́kù, Istanbul ńkọ́?

Akọ̀wé Àdúgbò, Sábó
Gbé jálá tìẹ dání.