Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ẹ̀tẹ̀ lójúkojú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá sọ tiyín

Akọ̀wé Ìlera: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá rí ẹ̀tẹ̀ lára wọn sínú rẹ́jísítà níbi iṣẹ́ wa. Mo fi àmì pupa sí abúlé tí kálukú wọn ti wá lórí máàpù, gbogbo rẹ̀ ṣù jọ sẹ́bàá títì. Àwọn oko tó jìn mọ́ tónítóní. Orúkọ ọdún 2020 náà ò tó nǹkan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Màmá Nọ́ọ̀sì: Ọmọ mi, ibi tí ọ̀kadà yín dé lẹ yà sórí máàpù yẹn. Mo ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ibi tá a bá ti wá a la ti ń rí i. A dé oko kan lọ́nà Ìkòyí tí orúkọ ẹnì kankan ò tíì ti ibẹ̀ wọ̀wé rí. Bàbá kan ní lápálápá ni tòun, adín àgbọn lòún fi ń pa á. Mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí mo bá fi òwú kàn wọ́n lára. Wọ́n ka ti èjìká, wọ́n ka ti ẹ̀yìn. Mo kan ojú àbàwọ́n yẹn, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mò ń gbọ́, ẹ máa ṣe é." Ẹ̀tẹ̀ ti pa ojú ibẹ̀ kú, wọn ò mọ̀ pé mo ti kàn wọ́n. Ká tó kúrò, a tún rí ẹlòmíì nínú ilé kan náà.

Ní ti 2020, ta ló jáde wá a? Káàkiri ayé, iye tuntun tí wọ́n rí já láti nǹkan bí 202,000 lọ́dún 2019 sí nǹkan bí 128,000. Kòrónà ò lé kòkòrò ẹ̀tẹ̀ lọ, àwa tó ń wá a ló tì mọ́lé.

Ìyá Aláta: Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ tèmi, àmọ́ mi ò kó o níbí. Abúlé ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ìka wọn ti ká kò, orí ẹní kan la jọ ń sùn. Dókítà ní ó lè sá pamọ́ fún ọdún márùn-ún, ó tiẹ̀ lè lé ní ogún ọdún. Oògùn oṣù méjìlá ni wọ́n fún mi, ọ̀fẹ́ ni. Ìtọ̀ mi pọ́n, ara mi dúdú kirikiri, àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá èédú ni mo ń tà báyìí. Mo lò ó tán o jàre.

Ọmọ Òkè-Èlérìn: Ẹ má gbàgbé pé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ibùdó alárùn ẹ̀tẹ̀ níbí láyé òyìnbó. Èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá ka ìwé ìgbà yẹn á ní ìlú wa ló bí ẹ̀tẹ̀.

Akọ̀wé Ìlera: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fa ìlà méjì kún rẹ́jísítà: ibi téèyàn gbé tẹ́lẹ̀, àti bóyá òun ló wá bá wa àbí àwa la lọ bá a. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe oko ọ̀nà Ìkòyí yẹn fún mi.

Màmá Nọ́ọ̀sì: Màá pè ọ́. Wo ọjọ́ orí wọn pẹ̀lú. Ti àgbàlagbà lè jẹ́ èyí tó ti kó láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọdé, ó ń ràn níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbé ọ̀kadà lọ.