Ẹ̀yìn mi gan láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ṣé kí n dùbúlẹ̀ ni, àbí kí n máa rìn?

Abẹ́rẹ́àtòwú:
Ẹ kú ìjókòó o. Aránṣọ ni mí, ọdún 14 rèé tí mo ti ń jókòó sídìí máṣíìnì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì aṣọ kan nílẹ̀, kò tilẹ̀ wúwo, ni nǹkan bá fà mí ní ìbàdí. N kò lè nàró mọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ mi ló ń bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí mo bá sín, ó máa ń ta mí dé ìdí, ṣùgbọ́n kì í dé ẹsẹ̀. Ẹnìkan ní kí n sùn gbalaja fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíì ní kí n lọ ya fọ́tò eegun kíákíá. Ẹ̀rù ń bà mí, torí iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun.

Awakọ̀:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má sùn o! Ọjọ́ 9 ni èmi fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ẹ̀yìn náà sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ṣé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń jáde bó ṣe yẹ? Ṣé ojú ara yín àti ibi tí ẹ fi ń jókòó kò kú, bíi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún? Ṣé ẹsẹ̀ kankan ò rọ? Bí ọ̀kan bá ń ṣe yín nínú wọn, ilé ìwòsàn lónìí, ìbáà jẹ́ òru. Bí ibà bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ tètè lọ rí dókítà.

Bí kò bá sí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 6. Ní ti fọ́tò, kì í fi iṣan hàn. MRI pàápàá, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, máa ń rí disiki (tìmùtìmù kékeré tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn) tó yọ lẹ́yìn ẹni tí nǹkan kan ò ro. Mo ti rí ẹni tó ka èsì tirẹ̀ tán, tó wá ń rìn bí ẹni tó di ẹyin sẹ́yìn.

Ọdún 31 ni mo fi ń gbé aláìsàn láti bẹ́ẹ̀dì sí àga. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀yìn dá mi dúró. Mo mọ̀ pé ká tẹ orúnkún, ká gbé ẹrù mọ́ra, mo sì ń ṣe é. Ìrìn ni n kì í rìn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5 nínú ilé. Ní báyìí, ìṣẹ́jú 30 ni, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní 2024, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà gbé èsì iṣẹ́ kan jáde lórí èèyàn 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Láàrin àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìrìn, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ìrora tó padà. Ti àwọn tó kù jẹ́ 112.

Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún lóru. Lówùúrọ̀, ẹ má tètè tẹ̀ba. Disiki máa ń fa omi mu bí a bá ń sùn, òun ló ń mú kí ẹ̀yìn le. Ẹ lè lo ibuprofen, oògùn ìrora, fọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, àfi bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí oyún.

Ní ti máṣíìnì, ẹ fa àga súnmọ́ ọn, kí ẹ má máa nọ́gà sí pẹ́dà. Bí òwú bọ́bìnì bá ti tán, ẹ dìde, ẹ rìn lọ rìn bọ̀ kí ẹ tó ká òmíràn.

Abẹ́rẹ́àtòwú:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìtọ̀ ń jáde dáadáa, ibì kankan ò kú. Mo ti rìn ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Ó dùn mí níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń rọ̀. Aṣọ gígé ńkọ́? Ìdúró ni mo fi ń gé e.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì:
Ẹ gbé tábìlì náà ga dé ìbàdí, àbúrò mi. Ẹ wá àpótí kékeré, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ padà wá sọ bó ṣe rí fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.