Ṣé Ọsàn lè jẹ́ orúkọ ọmọ?

Ìkókó Ń Bọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ káalẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà. Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la wà, oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ, síkáànù ní obìnrin ni. Ó wá lóun ti rí orúkọ, Clementine. Mo ní kí ni Clementine, ó ní ọsàn kékeré yẹn tó dà bíi táńjẹríìnì, tó máa ń kún ṣọ́ọ̀bù nígbà Kérésì, pé òun lòun ń mu látìgbà tóyún ti dé. Òótọ́ ni o, àná ni mo kọ́wọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀ pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, èèpo gbígbẹ ni mo kó jáde. Ni mo bá ní tó bá jẹ́ èso náà ni, kí ló dé tá ò kúkú sọ ọ́ ní Ọsàn, ó kúrú, òyìnbó á lè pè é, Yorùbá sì ni. Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe ebi ló ń pa mí. Ṣebí Gwyneth Paltrow, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà yẹn, bí tiẹ̀ ní 2004 ó sọ ọ́ ní Apple, ọmọ ti dàgbà, kò sẹ́ni tó bù ú jẹ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé Ọsàn lè jẹ́ orúkọ èèyàn?

Ìyá Ìbejì

Hàáà, ẹ ṣàánú ọmọ jàre! Ọsàn tí wọ́n ń fi réésà bó yípo, tí wọ́n á dá lórí, tí wọ́n á fún un mu tán kí wọ́n tó ju pàǹtí ẹ̀ sí gọ́tà? Ẹ jẹ́ kó wá sílé ní họlidé kẹ́ ẹ wo ohun táwọn ọmọ àdúgbò á fojú ẹ̀ rí, "Ọsàn, ta ló bó ẹ?" Ẹ tún rò ó pé kò sí àmì ohùn lórí páàsípọ́ọ̀tù, Osan lásán ni wọ́n máa kọ, ẹnì kan á pè é ní ọ̀sán, òru lẹ sì lè bí i, ẹlòmíì á pè é ní ọsán tó wà lára ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà. Ọmọ kan ṣoṣo!

Ọmọ Ológì

Ìyá Ìbejì ẹ má pa wá lẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí ló burú gan-an? Àwọn àgbà tí wọ́n sọ àbíkú ní Ajá àti Àkísàtán ńkọ́, ṣé ọsàn ò sàn ju àkísà lọ? Oyin náà ń jẹ́ orúkọ.

Ìyá Ìbejì

Àbíkú nìyẹn, wọ́n fẹ́ kí ikú kórìíra ẹ̀ ni, ṣé ẹ fẹ́ kórìíra tiyín? Oyin tẹ́ ẹ sì ń wí yẹn, Oyíndàmọ́lá ni, Oyinkánsọ́lá ni, ó ń sọ̀rọ̀. Ọsàn kí ló ń sọ? Níbi ìsọmọlórúkọ ṣebí wọ́n á mú obì pé kó bi ikú dànù, orógbó kó gbó kó tọ́, ataare kó bímọ bíi wóró inú ẹ̀, wọ́n á fi kàn án lẹ́nu. Tí wọ́n bá ṣe tán tí wọ́n ní ó yá kí lorúkọ ọmọ, ṣé ẹ ti gbọ́ kí wọ́n pè é ní Orógbó rí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọ̀gá, ẹ̀yin àtìyàwó yín ń jà lórí ohun tí kì í ṣe èso. Clementine ti ń jẹ́ orúkọ obìnrin ní Yúróòpù kí wọ́n tó fi pe ọsàn kankan. Inú èdè Látìn ló ti wá, aláàánú ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà kan tó jẹ́ ará Faransé, Brother Clément, ló ń tọ́jú ọgbà ilé ọmọ òrukàn ní Misserghin, lẹ́bàá ìlú Oran ní Àlgéríà, ibẹ̀ ni irú ọsàn yẹn ti jáde, 1902 ni wọ́n wá forúkọ ẹ̀ pè é. Èèyàn ló fún ọsàn lórúkọ! Tó bá jẹ́ èmi ni, Àánúolúwapọ̀ ni máa sọ ọ́, kí Clementine tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tún dúpẹ́ pé Leeds lẹ wà, ọjọ́ 42 ni wọ́n fún yín láti forúkọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló dé. Lápá Valenciennes ní ilẹ̀ Faransé, tọkọtaya kan fẹ́ sọ ọmọ ní Fraise, ìyẹn sitirọ́bẹ́rì, adájọ́ ní rárá, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Fraisine ni wọ́n padà sọ ọ́.

Ìkókó Ń Bọ̀

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó mi ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń jó kiri kíṣìnnì. Mo pe màmá mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n gbè mí, wọ́n ní, "Ẹ̀kọ tútù ni mò ń jẹ nígbà tí mo lóyún ẹ, ṣé mo sọ ẹ́ ní Ẹ̀kọ?" Ó ti tán. Àánúolúwapọ̀ Clementine ni. Àmọ́ mo ti ń pe inú yẹn ní Ọsàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo bá sì ti pè é báyìí, ó máa ń ta ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ní ebi ló ń pa á, ó tún ti ń bó òmíì.