Ríra ànkárá àti léèsì ní Yúróòpù pẹ̀lú ọkọ̀ motorhome: ìlú wo ni kí a kọ́kọ́ dé?

Ìyá Ìyàwó, Milton Keynes:
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin ń bọ̀ lọ́nà, èmi àti bàbá rẹ̀ sì ti pinnu pé dípò kí a ra aṣọ lọ́wọ́ alágbàtà ní Lọ́ńdọ̀nù, a ó háyà ọkọ̀ motorhome, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, a ó sì wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ náà gan-an. A fẹ́ ra ànkárá ní Helmond ní Netherlands, kí a tẹ̀ síwájú lọ ra léèsì ní Lustenau ní Austria, kí a sì yà sí St. Gallen ní Switzerland, nítorí wọ́n ní kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò bá wa lọ, kì í sì í fẹnu kan oúnjẹ òyìnbó, nítorí náà mo fẹ́ se ọbẹ̀ ẹlẹ́ran sínú fìríìjì ọkọ̀ kí a tó gbéra. Ìlú wo ni kí a kọ́kọ́ dé, ṣé wọ́n máa ń ta aṣọ fún ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò, ibo ni a sì ti lè rí oúnjẹ ilé rà lójú ọ̀nà? Aṣọ ẹbí wà lára ohun tí a fẹ́ rà, àwọn tó bá mú un yóò sì san owó tiwọn fún wa.

Bàbá Awakọ̀, Kent:
Ẹ kú ìmúra ìnáwó, mà. Ọbẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kò gba arìnrìn-àjò láyè mọ́ láti kó ẹran tàbí wàrà, tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi wọ́n sè, wọ ilẹ̀ Faransé, bó ti wù kó kéré tó. Òfin yẹn kò mú ẹja, nítorí náà ẹ fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀ yín. Gàrí náà kò níyọnu.

Ẹ wo ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bàbá dáadáa. Bó bá jẹ́ pé láti ọdún 1997 ni wọ́n ti yege ìdánwò ọkọ̀, wọn kò lè wa motorhome tó ju 3,500 kìlógíráàmù lọ láìṣe ìdánwò mìíràn, ìwọ̀n yìí sì kan ènìyàn, omi, gáàsì àti ẹrù tó wà nínú rẹ̀. Omi lítà 100 jẹ́ kìlógíráàmù 100, nítorí náà ẹ da omi inú táńkì nù kí ẹ tó kó aṣọ sínú ọkọ̀. Ẹ ó rí òmíràn bù níbi tí ẹ bá sùn. Helmond sí Lustenau ju 650 kìlómítà lọ, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ní Jámánì ló ní ibi ìgbọ́kọ̀sí fún irú ọkọ̀ yìí, Stellplatz ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ yín kò bá ju ìwọ̀n tí mo sọ lọ, ẹ kò ní san owó títì lórí òpópónà márosẹ̀ A14 ní Austria láti ẹnubodè Jámánì títí dé Hohenems, ẹ ó sì ti yà sí Lustenau kí ẹ tó débẹ̀.

Oníléèsì, Peckham:
Mọ́mì, Helmond ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí Lustenau gbẹ̀yìn, bí ẹ bá sì ti ra léèsì tán, ẹ má gbé ọkọ̀ náà wọ Switzerland rárá. Switzerland kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ẹni tó bá kó ọjà tó ju 150 owó franc wọn lọ wọlé yóò san owó orí, ẹ ó sì tún bá aṣọ́bodè mìíràn pàdé bí ẹ bá ń jáde. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ tó wà ní St. Gallen bá wù yín, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lustenau lọ wò ó kí ẹ tó náwó.

Helmond ni ilé iṣẹ́ Vlisco, tó ń ṣe ànkárá, wà láti ọdún 1846. Oje igi ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán sí ojú aṣọ méjèèjì kí aró má bàa wọ ibẹ̀, bí a ti ń fi ẹ̀kọ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ibi tí oje náà bá ti sán, aró á gbabẹ̀ wọlé, á sì ya ìlà tín-ín-tín. Ẹ yí aṣọ náà padà: bí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá ju ti ojú rẹ̀ lọ, ayédèrú ni.

Lustenau kò dà bí ọjà Balógun. Ilé iṣẹ́ ìdílé ló pọ̀ níbẹ̀, láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ìyá oníṣòwò wa sì ti ń bá wọn dòwò pọ̀, nítorí náà ọjà ọ̀pọ̀ ló mọ́ wọn lára. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sì béèrè èyí tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbé fún wọn. Bí ẹni tó ń tà á bá ń fi mítà wọn aṣọ, ẹ rántí pé yáàdì 5 jẹ́ mítà 4.57.

Ìyá Ìbejì, Antwerp:
Ní ti oúnjẹ, àdúgbò Matongé ní Ixelles, Brussels, ni kí ẹ yà sí. Àwọn ará Kóńgò ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata rà, àǹtí yóò sì jẹun yó. Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, kí ẹ wọ métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, dé ibùdókọ̀ Porte de Namur, torí ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí ó tó wọ Brussels.

Aṣírò Owó, Dartford:
Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí yẹn, òun gan-an ló sì le jù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kó ọjà 390 pọ́n-ùn padà wọlé láìsan owó orí, bí ó bá jẹ́ fún ìlò ara rẹ̀ tàbí fún ẹ̀bùn. Aṣọ tí ẹlòmíràn yóò san owó rẹ̀ fún yín kì í ṣe ẹ̀bùn, bí ẹ kò tilẹ̀ jẹ èrè kankan lórí rẹ̀, nítorí náà àyè yẹn kò kàn án. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè. Ẹ ní kí wọ́n kọ rìsíìtì méjì fún yín, ọ̀kan fún aṣọ tiyín, ìkejì fún aṣọ ẹbí. Ti aṣọ yín nìkan ni kí ẹ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba owó orí ọjà padà fún, kí aṣọ́bodè bá yín lù ú lóǹtẹ̀ ní Calais, níbi tí ẹ ó ti kúrò ní Faransé, kí owó yín lè padà.