Abẹ́rẹ́ PSMA PET tí wọ́n fẹ́ gún fún dádì mi, ṣé rédíéṣọ̀n inú ẹ̀ ò pọ̀ jù?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ dádì mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, PSA wọn, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ próstéètì wò, ló lọ sókè, wọ́n bu ẹran díẹ̀ lára próstéètì wọn lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Dókítà wá ní kí wọ́n ṣe PSMA PET, ìyẹn skáànù tí wọ́n á kọ́kọ́ gún nǹkan tó ní rédíéṣọ̀n sí wọn lára kó lè fi ibi tí jẹjẹrẹ próstéètì wà hàn, ká lè mọ̀ bóyá ó ti ràn dé egungun. Àfi bí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe sọ fún wọn pé irú nǹkan tó wà nínú bọ́ǹbù ni wọ́n fẹ́ gún sí wọn lára, àtìgbà yẹn dádì ní àwọn ò lọ mọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà torí mo lóyún oṣù márùn-ún, ilé kan náà la sì ń gbé.

Táyọ̀ Leeds:
Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, ọwọ́ mi yìí ló ń gún un. Rédíéṣọ̀n wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe mọ. Oríṣi nǹkan méjì tó ń tú rédíéṣọ̀n ni wọ́n sábà máa ń lò: èyí tó ní fluorine-18 nínú, bíi 4 mSv ni (mSv ni wọ́n fi ń wọn rédíéṣọ̀n tó wọ ara èèyàn), ti gallium-68 náà ò jìnnà síyẹn. Ilẹ̀ tá a ń tẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ìtànṣán tó ń ti ojú ọ̀run wá nìkan ń fún èèyàn ní bíi 2.4 mSv lọ́dún kan láìṣe skáànù kankan. CT, ìyẹn skáànù tó ń lo X-ray, tí wọ́n máa ń ṣe pọ̀ mọ́ ọn á tún bù kún un. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Australia, ó jáde ní 2020, ọkùnrin 302 ni: àwọn tó ṣe PSMA gba 8.4 mSv, àwọn tó ṣe CT àti skáànù egungun ti àtijọ́ gba 19.2, PSMA yẹn náà ló tún ríran jù. Tí dádì bá sá fún tuntun lọ bá ti àtijọ́, ibi tí rédíéṣọ̀n pọ̀ sí gan-an ni wọ́n sá lọ yẹn.

Bàbá Bọ́lá:
Ọmọ mi, mo ṣe é lọ́dún tó kọjá. Inú irin òjé kékeré kan tó wúwo ni wọ́n gbé síríńjì ọ̀hún sí, ìyẹn gan-an ló já mi láyà, àṣé ara àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gún un látàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń dáàbò bò. Abẹ́rẹ́ lásán ni, kò ta mí ju ti ibà lọ. Mo jókòó bíi wákàtí kan, wọ́n ní kí n lọ tọ̀, mo wá sùn sórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n mu omi dáadáa o, torí kíndìnrín ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìtọ̀ ló sì ń gbé e jáde.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham:
Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé bọ̀dá mi. Oyún mi wá ńkọ́?

Táyọ̀ Leeds:
Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé aláboyún wà nílé, wọ́n á sọ iye wákàtí tí ẹ máa fi jìnnà síra. Ìṣẹ́jú 110 ni fluorine-18 fi ń dín sí ìdajì. Tí wọ́n bá gún un ní aago 10 àárọ̀, tó bá fi máa di aago 9 alẹ́, ìdá kan nínú 64 ló kù, ká má tíì ka èyí tí wọ́n ti tọ̀ dànù. Ẹ má jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì bá wọn wọkọ̀ bọ̀ wálé, kí ẹlòmíì lọ mú wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham:
Àbúrò mi ọkùnrin á lọ mú wọn. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí dádì létí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n tún ti 19.2 yẹn kà. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá àwọn lè jẹ àmàlà kí àwọn tó lọ.

Táyọ̀ Leeds:
Kí wọ́n jẹ ẹ́. FDG, ìyẹn abẹ́rẹ́ PET mìíràn tó jẹ́ oníṣúgà, ni wọ́n máa ń ní kéèyàn má jẹun sí, ti PSMA ò gba ààwẹ̀.