Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọmọ mi á tọ̀ tán síbẹ̀ ìtọ̀ ò ní tán

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 8 lóṣù tó kọjá. Á tọ̀ tán, á wọ pátá, kò ní pẹ́ á tún sáré padà sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òmíì á sì tún jáde. Pátá ẹ̀ kì í gbẹ. Ó ti ní ìnfẹ́ṣọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì, ó lo oògùn, ó lọ, ó tún padà. Wọ́n ní ká lọ ṣe skáànù, wọ́n ní kó máa mu omi títí tọ́mọ fi ń sunkún, wọ́n wò ó tán wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Bàbá ẹ̀ ní ìwà ọ̀lẹ ni, eré ló ń sáré lọ ṣe. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Mama Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ bi í bóyá ó ń tọ̀ ní skúùlù o. Tèmi máa ń mú un mọ́ra látàárọ̀ títí dago mẹ́ta, ó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn ń rùn.

Alàgbà: Àgbo àtọ̀sí ni, ọjọ́ mẹ́ta péré.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fún ọmọ ní àgbo lórí ohun tá ò tíì mọ ìdí ẹ̀. Mummy, ṣé wọ́n tún wò ó lẹ́yìn tó tọ̀ tán?

Mummy (tó béèrè): Rárá o, wọ́n ní ká máa lọ ni.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Ehn, ibẹ̀ gan-an ni. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ìtọ̀ ń ṣẹ́kù sínú, wọn ò sì lè rí èyí tó ṣẹ́kù bí wọn ò bá wò ó ní kété tó tọ̀ tán. Omi rẹpẹtẹ yẹn gan-an máa ń da èsì rú, torí ilé ìtọ̀ tó bá kún àkúnjù kì í lè fún ara ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye ìtọ̀ tí ilé ìtọ̀ ọmọ lè gbà, ẹ fi 1 kún ọjọ́ orí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ dọ̀nà 30, ti ọmọ ọdún 8 jẹ́ 270 ml, kò tiẹ̀ kún ìgò kóòkì 35cl. Tó bá ju 20 ml lọ tó ṣẹ́kù, wọ́n á tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dájú. Kẹ́ ẹ tó padà lọ, ẹ wá ife tó ní nọ́ńbà lára, kó máa tọ̀ sí i ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ kọ iye ẹ̀ àti àkókò sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí méje lóòjọ́ ló dáa. Ìgbẹ́ ńkọ́? Ìgbẹ́ tó bá dì sínú máa ń fún ilé ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, bóyá irun hù síbẹ̀ tàbí ihò kékeré wà, torí iṣan ibẹ̀ ló ń darí ìtọ̀.

Bàbá Ẹniọlá: Ọkùnrin ni tèmi, ìtọ̀ ẹ̀ kì í ta, ó kàn ń kán tó tó ni, à ń rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà. Àṣé awọ kan ló dí ojú ọ̀nà ìtọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Òótọ́ ni sà, ti ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílé torí kíndìnrín. Mummy, ẹ máa jẹ́ kó jókòó dáadáa, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ tẹ àpótí, kó má lóṣòó sókè. Tó bá tọ̀ tán, kó ṣe sùúrù díẹ̀ kó tún gbìyànjú.

Mummy (tó béèrè): Mo ti bi í o. Kì í tọ̀ ní skúùlù rárá, ó ní ilẹ̀kùn wọn ò ṣe é tì. Ìgbẹ́, ọjọ́ mẹ́rin! Bàbá ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́, òun ló lọ ra ife tó ní nọ́ńbà.