Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “kó” àti “ràn” nínú ìṣirò àrùn onígbáméjì

Ẹ̀yin àgbà ọ̀rọ̀, mo kí yín. Mo ti ka àbá tó ní kí á máa pe ìṣirò tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣàpèjúwe bí àrùn ṣe ń tàn ká ní “àwòkọ́ṣe oníṣirò”, kí á sì máa pe iye ènìyàn tí aláìsàn kan yóò kó àrùn ràn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní àjẹsára rẹ̀, ní “iye àkóràn”.

Èyí àkọ́kọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun tí a fẹ́ fara wé ni àwòkọ́ṣe, ta ni yóò sì fẹ́ fara wé àjàkálẹ̀ àrùn? Mo fara mọ́ “àfarajọ oníṣirò”.

Èyí kejì gba kí á tú u wò. Nínú ìṣirò àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn onímọ̀ méjì, Kermack àti McKendrick, gbé jáde ní ọdún 1927, àwọn tí àrùn lè mú, àwọn tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ń kó o ran ẹnìkejì, nítorí náà “àkóràn” bá a mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ mìíràn, Codeço, ṣe ti onígbáméjì ní ọdún 2001, ó fi ìsọ̀rí kan kún un tí kì í ṣe ti ènìyàn, ìyẹn omi tí kòkòrò àrùn náà ń gbé. Aláìsàn lè má fojú kan ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe ní jàǹbá láé. Omi ni alárinà wọn. Yorùbá kì í sì í sọ pé kànga kó àrùn ran òun. “Inú omi ni mo ti kó o” ni a ń wí.

Ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ Tien àti Earn fi ìṣirò ṣe ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì, ti ènìyàn sí ènìyàn àti ti omi, sínú àfarajọ kan ṣoṣo, ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Bí a bá ní “ìwọ̀n ìràn” fún ti ènìyàn sí ènìyàn, tí a sì ní òmíràn fún ti omi, láti inú méjèèjì ni a ó ti ṣírò iye àkóràn, a ó sì mọ ibi tí ọgbọ́n ìkápá kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́. Oògùn apakòkòrò tí a dà sínú omi ń dín ti omi kù. Ọwọ́ fífọ̀ nínú ilé aláìsàn ń dín ìràn kù. Ọwọ́ ẹ̀rọ ìfami tí wọ́n yọ ní Broad Street, ní London, nígbà àjàkálẹ̀ onígbáméjì ní ọdún 1854, ti omi ló dojú kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé John Snow, dókítà tó dábàá pé kí wọ́n yọ ọ́, fúnra rẹ̀ gbà pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́.

“Ìwọ̀n ìkó” ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn fún ti omi, ṣùgbọ́n níbi tí wọn kò bá ti fi àmì sí ọ̀rọ̀, “ikọ́” ni òǹkàwé yóò kà á sí, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ àìsàn. Nítorí náà, “ìwọ̀n ìkárùn” ni mo dábàá.